ILẸ̀ FÀDÁMÀ: ÌWÀ RẸ̀, ÌLÒ RẸ̀, ÀTI OHUN TÓ YẸ KÍ A MỌ̀ KÍ A TÓ NÁWÓ LÉ E LÓRÍ

   

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ nínú ìwé ètò yìí, pàápàá ilẹ̀ etídò tí àwọn tó gbà wá lálejò níhìn-ín ní Sókótó ń pè ní fàdámà. Ìdí mẹ́ta ni mo fi yàn án. Èkíní, inú ilẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ oúnjẹ tí à ń jẹ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ti ń jáde: ìrẹsì, àlùbọ́sà, tòmátì, ata àti oríṣiríṣi ewébẹ̀. Èkejì, àwọn ìyá wa tí wọ́n ń kó àlùbọ́sà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn àti Èkó, bí ilẹ̀ yìí bá ti ṣe dáadáa sí lọ́dún kan ni èrè wọn yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀kẹta ni ó ká mi lára jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti fẹ̀yìn tì, àwọn mìíràn sì ń múra àtifẹ̀yìn tì, owó ìfẹ̀yìntì kì í sì í ṣe owó tí ènìyàn ń gbà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ń fi í gba oko ní fàdámà, àwọn mìíràn ń fi í ra pulọ́ọ̀tì níbẹ̀ láti kọ́lé. Ti àkọ́kọ́ lè mú èrè wá bí a bá mọ ọ̀nà rẹ̀. Ti ìkejì sábà máa ń di ẹkún. Bí a bá mọ ìwà ilẹ̀ náà, a ó mọ èyí tí a ó ṣe.

KÍ NI FÀDÁMÀ?

Ọ̀rọ̀ Haúsá ni fàdámà. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́bàá odò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, èyí tí omi máa ń bò nígbà òjò, tí omi kì í sì í jìnnà sí ojú ilẹ̀ níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ òkè tí omi odò kì í dé ni wọ́n ń pè ní tùdù. Ẹni tó bá ti ṣe oko rí nílẹ̀ Yorùbá yóò sọ pé, “Ṣebí àkùrọ̀ nìyẹn!” Òótọ́ ni. Inú àkùrọ̀ ni àwọn bàbá wa ti ń gbin àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀fọ́ àti ilá nígbà tí oko yòókù ti gbẹ. Ìyá kan náà ló bí àkùrọ̀ àti fàdámà.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní Ìbàdàn, òjò ọdún kan máa ń tó 1,200 mìlímítà, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń rọ̀ fún bí oṣù méje. Ní Sókótó, òjò ọdún kan kò ju nǹkan bí 600 sí 700 mìlímítà lọ, láàárín Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹsàn-án sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń rọ̀. Lẹ́yìn náà, ó di ọyẹ́ àti oòrùn. Bí ènìyàn bá gbé omi sí gbangba níhìn-ín fún ọdún kan, oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè fà tó 2,000 mìlímítà kúrò nínú rẹ̀. Èyí ni pé omi tí oòrùn lè gbà lọ́wọ́ wa tó bí ìlọ́po mẹ́ta omi tí òjò ń fún wa. Ọ̀dàn gbígbẹ ni à ń gbé, koríko pọ̀ níbẹ̀ ju igi lọ. Nítorí náà, àfikún ni àkùrọ̀ jẹ́ fún àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n ní ti àgbẹ̀ ibí, fàdámà nìkan ni ilẹ̀ tó lè fi ọwọ́ kàn láti Oṣù Kọkànlá títí di Oṣù Karùn-ún.

Àwọn tó ni ilẹ̀ kì í fi orúkọ ilẹ̀ ṣeré. Jigawa, tí ó di orúkọ ìpínlẹ̀ ní ọdún 1991, ilẹ̀ yanrìn ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Haúsá. Laka ni wọ́n ń pe ilẹ̀ amọ̀ líle. Ẹni tó bá fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè orúkọ tí wọ́n ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà yóò ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ fún un.

BÍ OMI ṢE KÓ ILẸ̀ YÌÍ JỌ

Odò Sókótó bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ gíga agbègbè Funtua ní Ìpínlẹ̀ Kàtsínà. Ó gba Gusau kọjá ní Zamfara, ó wá pàdé odò Rima nítòsí ìlú Sókótó. Láti ibẹ̀ ó gba Argungu àti Birnin Kebbi lọ, títí ó fi dà sínú Odò Ọya. Ní gbogbo ọ̀nà yìí, àgbàrá òjò ń họ erùpẹ̀ láti orí òkè àti láti inú oko sínú odò.

Omi tó ń sáré lágbára láti gbé ẹrù. Bí eré rẹ̀ bá dínkù, yóò máa sọ ẹrù náà kalẹ̀. Nígbà tí odò bá kún ní Oṣù Kẹjọ àti Oṣù Kẹsàn-án, tó ya kọjá bèbè rẹ̀, eré rẹ̀ á dínkù lójijì. Yanrìn tó wúwo jù ni yóò kọ́kọ́ sọ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá bèbè. Erùpẹ̀ kíkúnná yóò lọ díẹ̀ sí i kí ó tó balẹ̀. Amọ̀, tí ẹyọ rẹ̀ kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, yóò máa bá omi lọ títí omi yóò fi dákẹ́ sínú àwọn kòtò tó jìnnà sí odò, níbẹ̀ ni yóò ti rọra balẹ̀. Ẹ wo ìyá tó ń fẹ́ ọkà: ọkà á bọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyàngbò á bá afẹ́fẹ́ lọ sọ́nà jíjìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni odò ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Lọ́dọọdún ni ìpele tuntun ń gun orí ti àtijọ́. Odò náà kì í sì í dúró sójú kan. Láàárín ọ̀pọ̀ ọdún, ó máa ń fi ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè gbẹ́ ilẹ̀ kí ẹ bá amọ̀ lókè, yanrìn lábẹ́ rẹ̀, amọ̀ mìíràn tún wà nísàlẹ̀. Ìdí nìyí náà tí oko méjì tó pààlà fi lè yàtọ̀ síra pátápátá. Ẹni tó bá wo oko aládùúgbò rẹ̀ kí ó tó sanwó ilẹ̀ tirẹ̀, ilẹ̀ aládùúgbò rẹ̀ ló wò.

ÌWÀ ILẸ̀ FÀDÁMÀ

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín ilẹ̀ yìí sí, bí ó ti jìnnà sí odò sí:

(a) Ilẹ̀ bèbè odò. Yanrìn pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ga díẹ̀ ju èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ó rọrùn láti ro, omi kì í pẹ́ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í lè di omi àti ọ̀rá mú pẹ́. Àgbẹ̀ ní láti máa bomi rin ín lemọ́lemọ́.

(b) Ilẹ̀ àárín. Níbí ni yanrìn, erùpẹ̀ kíkúnná àti amọ̀ ti dàpọ̀ ní ìwọ̀n tó dára. Ó ń di omi mú, síbẹ̀ ó ń jẹ́ kí gbòǹgbò mí. Bí ẹ bá gbọ́ pé fàdámà kan dára gan-an fún àlùbọ́sà, irú èyí ni ó sábà máa ń jẹ́.

(d) Ilẹ̀ kòtò. Amọ̀ dúdú tàbí aláwọ̀ eérú ni. Bí ó bá tutù, á lẹ̀ mọ́ ọkọ́ àti ẹsẹ̀. Bí ó bá gbẹ, á le bí òkúta, á sì là débi pé ọwọ́ ènìyàn lè wọ inú ẹ̀là náà. Amọ̀ yìí máa ń wú nígbà tí ó bá mu omi, á tún súnkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sí ilẹ̀ tó dára tó o fún ìrẹsì, nítorí omi kì í tètè jò lọ nínú rẹ̀.

Ohun mìíràn tó yẹ kí a mọ̀ ni àwọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Irin wà nínú erùpẹ̀ wa. Òun ló ń mú ilẹ̀ òkè pupa. Níbi tí omi bá ti lé afẹ́fẹ́ jáde fún ìgbà pípẹ́, irin náà á pàdánù pupa rẹ̀, ilẹ̀ á di aláwọ̀ eérú. Níbi tí omi ti ń wá tó tún ń lọ, afẹ́fẹ́ á padà wọlé, ẹ ó sì rí àmì pupa tótòtó bí ìpáàrà ara irin. Nítorí náà, àwọn àmì wọ̀nyí jẹ́ ìwé tí omi fúnra rẹ̀ kọ sínú ilẹ̀. Wọ́n ń fi ibi tí omi ń gùn dé lábẹ́ ilẹ̀ nígbà òjò hàn wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Oṣù Kẹta ni a lọ wò ó, tí gbogbo rẹ̀ gbẹ táútáú. Ẹni tó ń ta ilẹ̀ lè gbàgbé láti sọ fún wa, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò ní gbàgbé.

Ní ti ọ̀rá, fàdámà sàn ju ilẹ̀ yanrìn orí òkè lọ dáadáa, nítorí ìkún omi ń mú erùpẹ̀ tuntun wá, amọ̀ sì ń di oúnjẹ ọ̀gbìn mú kí omi má baà ṣàn án lọ. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn wá pé fàdámà kò nílò ajílẹ̀. Ooru ibí kì í jẹ́ kí ewé jíjẹrà pẹ́ nínú ilẹ̀. Náítírójìn rẹ̀ kì í pọ̀. Bí omi bá sì dúró lórí ilẹ̀, díẹ̀ nínú náítírójìn náà á bá afẹ́fẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n ń ru ìgbẹ́ ẹran àti ààtàn ìlú lọ sí oko ṣáájú ìgbà gbígbìn. Àgbẹ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Fátíláísà ń fún ọ̀gbìn lóúnjẹ, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ ẹran ló ń tún ara ilẹ̀ ṣe.

OHUN TÍ À Ń FI FÀDÁMÀ ṢE

Ìrẹsì ni ọba fàdámà. A máa ń gbìn ín sí ilẹ̀ kòtò nígbà òjò, kí a kórè rẹ̀ lẹ́yìn tí omi bá ti fà. Níbi tí omi bá wà, a tún lè gbin ti ẹ̀ẹ̀rùn láti Oṣù Kìíní sí Oṣù Karùn-ún. Birnin Kebbi ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀yáwó fún àwọn àgbẹ̀ ìrẹsì ní Oṣù Kọkànlá ọdún 2015. Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2016, àwọn ará Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ra ìrẹsì tí wọ́n pè ní LAKE, èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ìpínlẹ̀ Kébbì pawọ́ pọ̀ ṣe. Ilẹ̀ fàdámà ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Àlùbọ́sà ló tẹ̀ lé e. Ní nǹkan bí Oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń da irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á lọ́ ọ ní Oṣù Kọkànlá tàbí Oṣù Kejìlá, wọ́n á sì máa wà á láti Oṣù Kejì sí Oṣù Kẹrin. Ọyẹ́ tútù dára fún un. Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ á dáwọ́ omi dúró bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó wà á, kí èèpo rẹ̀ lè gbẹ. Àlùbọ́sà tí wọ́n fi omi bọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n wà á kò ní pẹ́ jẹrà nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ra á lójú oko, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ bi àgbẹ̀ ni pé, “Ìgbà wo ni ẹ bomi rin ín gbẹ̀yìn?” Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n ń gbin áyù, tòmátì, ata, kábéèjì, ọ̀dùnkún, ìrèké àti àlìkámà.

Báwo ni omi ṣe ń dé oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Láyé àtijọ́, jígò ni wọ́n ń lò: igi gígùn kan tí wọ́n so ẹrù wúwo mọ́ ìdí rẹ̀, tí igbá tàbí korobá sì wà lẹ́nu rẹ̀, tí àgbẹ̀ ń fi fa omi sókè láti àárọ̀ títí oòrùn á fi mú. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọ̀pọ̀ fàdámà ní ìpele yanrìn tí omi kún inú rẹ̀, tí kò sì jìn. Láti bí ọdún 1980 síwájú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kanga onípáìpù sínú ìpele yìí, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ kékeré tó ń mu epo bẹntiróòlù fa omi rẹ̀. Ètò Fàdámà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe pẹ̀lú owó ẹ̀yáwó Báńkì Àgbáyé láti ọdún 1993 sí 1999 ló mú kí ọ̀nà yìí tàn kálẹ̀. Nígbà tí ìpele kejì ètò náà bẹ̀rẹ̀ ní 2004, ó dé Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó pẹ̀lú, báyìí ni ọ̀rọ̀ Haúsá yìí ṣe wọ ẹnu àwọn àgbẹ̀ wa nílé, tí wọ́n ń pe àkùrọ̀ ní fàdámà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó epo ti di ẹrù wúwo lọ́rùn àgbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ti ń wá ẹ̀rọ tó ń lo agbára oòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe oko fàdámà lónìí, owó omi ni kí ó kọ́kọ́ ṣírò kí ó tó ṣírò èrè.

Fàdámà kì í ṣe ti àgbẹ̀ nìkan. Àwọn darandaran ń da ẹran wọn wá síbẹ̀ nígbà tí koríko òkè bá ti gbẹ. Àwọn apẹja ń pa ẹja nínú àwọn adágún tó kù lẹ́yìn ìkún omi; ọdún ẹja pípa Argungu, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1934, inú omi fàdámà ni wọ́n ti ń ṣe é. Amọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n ń pò mọ́ koríko láti fi ṣe búlọ́ọ̀kù amọ̀ tí wọ́n ń pè ní tùbálì, òun náà sì ni àwọn amọ̀kòkò ń lò.

OHUN TÓ Ń BA FÀDÁMÀ JẸ́

Èkíní ni iyọ̀. Omi kanga àti omi odò ní iyọ̀ díẹ̀ nínú. Bí a bá bomi rin oko, oòrùn á fa omi lọ, á fi iyọ̀ sílẹ̀. Bí ilẹ̀ kò bá ní ọ̀nà tí omi ń gbà jáde, iyọ̀ náà á máa pọ̀ sí i títí ẹ ó fi rí ohun funfun tó bo ojú ilẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Irú iyọ̀ kan sì wà tó ń mú amọ̀ dì pọ̀ débi pé omi kò ní lè wọ inú rẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ tó bá ti rí báyìí, àtúnṣe rẹ̀ kò rọrùn, owó rẹ̀ kò sì kéré. Nítorí náà, gọ́tà tó ń gbé omi jáde ṣe pàtàkì bí ẹ̀rọ tó ń fa omi wọlé.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ dáàmù. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Lẹ́yìn ọ̀dá ńlá ọdún 1972 sí 1974, ìjọba pinnu láti kọ́ dáàmù. Wọ́n parí ti Bakolori lórí odò Sókótó ní 1978, èyí tí wọ́n ṣètò pé kí ó máa bomi rin ilẹ̀ tó lé ní 20,000 hẹ́kítà. Ó ṣe àwọn kan láǹfààní. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n gba ilẹ̀ wọn fún iṣẹ́ náà fárí gá, rògbòdìyàn sì ṣẹlẹ̀ ní Oṣù Kẹrin ọdún 1980, tí ẹ̀mí ṣòfò níbẹ̀. Nísàlẹ̀ odò, ìkún omi tó ń mú erùpẹ̀ tuntun wá dínkù, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń gbin ìrẹsì sì yí sí ọkà bàbà àti jéró. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní apá Kánò pẹ̀lú: lẹ́yìn dáàmù Tiga ní 1974 àti Challawa ní 1992, fàdámà Hadejia títí dé Nguru kò rí ìkún omi bíi ti àtẹ̀yìnwá mọ́, koríko gíga kan tí wọ́n ń pè ní Typha sì ti dí ojú omi ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń ra oko nísàlẹ̀ odò gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe lókè odò.

Ẹ̀kẹta ni ìjà lórí ilẹ̀. Bí àgbẹ̀ bá gbin nǹkan sí ojú ọ̀nà tí màlúù ń gbà dé omi, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí a tó gba oko, ẹ jẹ́ kí a béèrè ọ̀nà ẹran, tí wọ́n ń pè ní búrtálì. A kò sì gbọdọ̀ gbójú fo ètò ààbò. Àìfararọ ti lé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kúrò lóko ní apá ìlà-oòrùn Sókótó àti ní Zamfara. Kò sí èrè oko tó tó ẹ̀mí.

ILÉ KÍKỌ́ SÍ FÀDÁMÀ

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí láìfi bò. Ilẹ̀ tó dára fún ìrẹsì kò dára fún ilé. Ohun tó mú un dára fún ìrẹsì, pé ó ń di omi mú àti pé ó wà nísàlẹ̀, òun gan-an ni ọ̀tá ilé. Amọ̀ tó ń wú lábẹ́ ìpìlẹ̀ nígbà òjò, tó ń súnkì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò máa gbé ilé sókè, yóò máa sọ ọ́ kalẹ̀. Ibi kan kì í sì í wú bíi ibòmíràn, nítorí náà ògiri yóò là. Ẹ lè fi sìmẹ́ǹtì dí i lọ́dún yìí, yóò tún là lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣalángá á kún fún omi, omi rẹ̀ á sì wọ inú kanga.

Òwe wa sọ pé, àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, omi dáàmù Goronyo, tó wà lórí odò Rima, pọ̀ ju ohun tó lè gbà lọ, ó sì ya jáde. Ó gbá ilé àti oko lọ ní ọ̀pọ̀ abúlé ní Sókótó àti ní Kébbì. Ọdún mélòó kan lè kọjá tí omi kò ní dé ibì kan, tí wọn yóò sì máa gé e sí pulọ́ọ̀tì tà pé ibẹ̀ ti gbẹ. Odò kò gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá fún yín ní ilẹ̀ lówó pọ́ọ́kú nítòsí odò, ẹ bi í pé níbo ni omi dé ní 2010. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bi àwọn àgbà abúlé náà ní ìbéèrè kan náà láìjẹ́ kí ó tẹ̀ lé yín.

BÍ A ṢE LÈ DÁN ILẸ̀ WÒ KÍ A TÓ SANWÓ

1. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó mítà kan ní ibi mẹ́ta, kì í ṣe ibì kan ṣoṣo. Ẹ wo àwọn ìpele rẹ̀, kí ẹ sì wo ibi tí àmì pupa tótòtó àti àwọ̀ eérú ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sún mọ́ ojú ilẹ̀, ilẹ̀ omi ni.

2. Ẹ bu erùpẹ̀ díẹ̀, ẹ fi omi sí i, ẹ fi ọwọ́ yí i bí okùn. Bí ó bá ń já wẹ́wẹ́, yanrìn ló pọ̀. Bí ó bá ṣe é yí gùn, tí ẹ tún lè ká a bí òrùka láìkán, amọ̀ ló pọ̀.

3. Ẹ̀yin ọmọ wa, èyí jẹ́ tiyín. Ẹ bu erùpẹ̀ sí ìdá mẹ́ta ìgò tó mọ́ gaara, ẹ fi omi kún un, ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ wá gbé e kalẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, yanrìn á ti balẹ̀. Erùpẹ̀ kíkúnná á tẹ̀ lé e láàárín wákàtí díẹ̀. Amọ̀ lè lo ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìgò yẹn, ẹ ti rí iṣẹ́ tí odò ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

4. Ẹ dúró wo ilẹ̀ náà ní ìgbà méjì: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti ní Oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó bá ń kánjú pé kí ẹ sanwó kí òjò tó dé, ó ní ìdí rẹ̀.

5. Ẹ wò ó bóyá ohun funfun wà lójú ilẹ̀. Ẹ wo koríko tó hù níbẹ̀. Ibi tí koríko kò bá hù rárá láàárín fàdámà tútù, ẹ sá fún un.

6. Bí owó tí ẹ fẹ́ ná bá pọ̀, ẹ gbé erùpẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ wà ní yunifásítì ìlú yìí, wọ́n sì wà ní Samaru, Zaria. Owó àyẹ̀wò kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oko tó bàjẹ́.

7. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ìjọba ìbílẹ̀ sì ní agbára lórí ilẹ̀ oko. Iwé tí ẹni kan ṣoṣo fọwọ́ sí kò tó. Ẹ jẹ́ kí baálẹ̀ abúlé, ẹbí tó ni ilẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ mọ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kò tíì mọ iṣẹ́ náà dájú, ẹ háyà ilẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn kan ná kí ẹ tó ronú àtirà á.

Ẹ̀YIN ARÁ, Ẹ JẸ́ KÍ A ṢE É PỌ̀

Àbá mi fún ẹgbẹ́ ni pé kí àwọn tó nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ oko lára wa pawọ́ pọ̀ háyà ilẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, ilẹ̀ tí kò tóbi jù, lọ́dọ̀ àgbẹ̀ ibí tó mọ odò náà láti kékeré. Kí á gbin àlùbọ́sà, kí á kọ gbogbo ìnáwó sílẹ̀, pàápàá owó omi, kí á sì jábọ̀ fún ẹgbẹ́ ní ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀. Bí èrè bá wà, gbogbo wa yóò rí i lórí ìwé. Bí àdánù bá sì wà, yóò kéré, a ó ti kọ́gbọ́n. Ní ti ẹni tó fẹ́ kọ́lé, tùdù ni kí ó lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pulọ́ọ̀tì kékeré ni owó rẹ̀ ká níbẹ̀.

Ilẹ̀ àwọn ènìyàn ni à ń gbé, wọ́n sì ti gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa odò wọn, ẹ jẹ́ kí a fi ìrẹ̀lẹ̀ kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí ó fún wa ní òjò tó mọ níwọ̀n, kí ó má sì jẹ́ kí á fi owó ara wa ra ìbànújẹ́. Àmín.